Bíà Onígò Nìkan Kọ́ Ni Ọtí Ọkà

A mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí ọ̀rọ̀ ọtí lókè ìwé yìí, ńṣe ni wọ́n á fẹ́ ṣí i kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i. Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn alhaja tí kì í fẹnu kan ọtí wà, àwọn ìyá ìjọ tí kì í fi ojú rí i wà, àwọn tó ń ta bíà tí wọ́n fi ń tọ́mọ náà wà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa, nítorí pé ọkà bàbà àti àgbàdo tí ẹ ń wọ̀n ní kóńgò ni wọ́n fi ń pọn ọtí, àti pé iṣẹ́ ọtí pípọn fúnra rẹ̀, ọwọ́ obìnrin ló wà tẹ́lẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. A ò sọ pé kí ẹni tí kò mu bẹ̀rẹ̀ sí í mu o.

Bí ẹ bá wọ ilé ọtí kan lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n gbé bíà wá, orúkọ bíi mẹ́rin márùn-ún náà ni wọ́n máa dá: Star, Gulder, Trophy, Guinness, ó tán. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń pọn gbogbo wọn. Nigerian Breweries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ló gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú, l'Ékòó, ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Guinness kọ́ ilé ìpọntí tirẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Èyí tó wà ní Iléṣà, tó ń pọn Trophy, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. A ò bú wọn. Wọ́n gba òṣìṣẹ́, wọ́n ń ra ọkà, bíà wọn sì dọ́gba: èyí tí ẹ bá mu ní Abẹ́òkúta, òun náà lẹ máa bá ní Kánò. Ìdọ́gba yẹn gan-an ni wọ́n ń tà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọtí dúdú ti Guinness àti irú rẹ̀ kúrò, oríṣi bíà kan ṣoṣo ni gbogbo èyí tó kù. Lager ni wọ́n ń pè é: ó pọ́n bíi wúrà, ó mọ́ gaara, ó máa ń hó, tútù ni wọ́n sì ń mu ún. Ìlú kan tó ń jẹ́ Plzeň, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech báyìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ pọn irú èyí tó pọ́n bẹ́ẹ̀ ní 1842. Láti ibẹ̀ ló ti gba gbogbo ayé kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wọ ọjà aláta, tó wá jẹ́ pé tàtàṣé nìkan ló bá níbẹ̀. Rodo ńkọ́? Ṣọ̀ǹbọ̀ ńkọ́? Kì í kúkú ṣe pé wọn ò sí láyé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà rí i pé ó ti sú àwọn. Nígbà tó fi máa di òpin àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ ńlá ti ra àwọn kéékèèké tán, àwọn ilé ìpọntí tó kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè ńlá yẹn kò tó 100. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fritz Maytag ti ra ilé ìpọntí kékeré kan tó fẹ́ẹ̀ kú, Anchor, ní San Francisco ní 1965, ó sì gbìyànjú láti gbé e dìde. Ní 1976, Jack McAuliffe dá New Albion sílẹ̀ ní California, irin tí àwọn èèyàn ti pa tì ló fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi kógbá sílé. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti pọn bíà nílé ara rẹ̀ láìsan owó orí lé e, níwọ̀n bí kò bá ti tà á. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ṣí. Àwọn tó ń pọn ún nínú kíṣìnnì wọn di ẹni tó ń pọn ún fún àdúgbò, àwọn ti àdúgbò di ti ìlú. Lónìí, ilé ìpọntí tó wà níbẹ̀ lé ní 9,000, kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Craft beer ni wọ́n ń pe irú bíà bẹ́ẹ̀. Àwa á máa pè é ní ọtí àfọwọ́pọn nínú àlàyé yìí. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló là á já o. Anchor tí a dárúkọ yẹn ti ilẹ̀kùn ní 2023.

Kí ló wá yàtọ̀ nínú rẹ̀? Ẹni tó ń pọn díẹ̀ lè ṣe ohun tí ẹni tó ń pọn ọ̀kẹ́ àìmọye ìgò kò jẹ́ dán wò. Ó lè fi kọfí sí i, ó lè fi èso sí i, ó lè jẹ́ kó korò gan-an, ó lè jẹ́ kó dúdú bí epo ẹ̀ńjìnnì. Ní ilẹ̀ Belgium, ní agbègbè Brussels, wọ́n ní ọtí kan tó ń jẹ́ lambic. Wọn kì í fi yíìsì kankan sí i. Wọ́n á kàn tú omi ọkà sísè náà sínú agbada fẹ̀ǹfẹ̀, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀ lóru, ohun tó bá wà nínú atẹ́gùn á bọ́ sínú rẹ̀, á sì máa sọ ọ́ di ọtí. Ọtí yìí máa ń kan. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á.

Ẹ dúró ná. Ọtí ọkà tó kan, tí ẹnikẹ́ni kò ra yíìsì sí, ta ni kò mọ̀ ọ́n níbí? Ṣebí ohun tí àwọn ọmọ wa ń yọ ṣùtì sí nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní ọtí ará oko. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, ọtí tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn. Ọtí ọkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn. Àwọn ará òkè Ọya ń pe tiwọn ní bùrùkùtù, pítò sì wà níbẹ̀ àti l'Ẹ́dó, títí dé Gánà. Ní àríwá ilẹ̀ Benin, ní Parakou àti Natitingou, àti ní Tógò, tchoukoutou ni wọ́n ń pè é, obìnrin ló ń pọn ún, obìnrin ló ń tà á, igbá ni wọ́n fi ń bù ú. Bí ẹnì kan bá bi wá pé ìgbà wo ni ọtí àfọwọ́pọn dé ilẹ̀ wa, ìbéèrè yẹn ni a ò ní lè dáhùn, torí kò lọ rí.

A fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ún, kó má di pé àwọn àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ṣa ọkà bàbà dáadáa, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò sílẹ̀, wọ́n á dà á lé e, wọ́n á bò ó, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti hù. Híhù yẹn ni gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkà bá fẹ́ hù, ó máa ń pèsè nǹkan kan nínú ara rẹ̀ tó lè sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ di ṣúgà, kí ọmọ ewé náà lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn tó ń pọntí á jẹ́ kó pèsè rẹ̀ tán, wọ́n á wá sá a sóòrùn kó má bàa dàgbà jù. Bó bá ti gbẹ, kí wọ́n fọwọ́ ra á, kí wọ́n fẹ́ ẹ, kí gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ já kúrò. Ẹ má fojú kéré èyí o: májèlé wà nínú èéhù ọkà bàbà, irú èyí tó wà nínú gbágùúdá tútù. Ẹran tó bá jẹ ewé ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù máa ń kú nígbà míràn, àwọn darandaran mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á wá lọ̀ ọ́, kò ní kúnná jù, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ omi. Ibi tí ọgbọ́n àwọn ìyá àgbà ti yani lẹ́nu nìyí. Wọn ò ní gbé gbogbo rẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á rọra bu omi òkè sọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ tó ki nìkan ni wọ́n á sè dáadáa. Bó bá ti tutù díẹ̀, wọ́n á da omi òkè yẹn padà sí i. Kí nìdí? Nǹkan tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà, inú omi òkè ló wà, iná líle á sì pa á. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ọkà bàbà kì í rọ̀ láìjẹ́ pé iná jó o dáadáa, ó fẹ́ iná ju ọkà báálì òyìnbó lọ. Nítorí náà, wọ́n á fi iná rọ ọ̀kan, wọ́n á fi ìkejì pa mọ́ kúrò lẹ́nu iná, wọ́n á wá pa wọ́n pọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ ọtí pípọn nìyẹn, àwọn obìnrin tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà sì ti ń ṣe é láti ayébáyé.

Ó kù díẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó kan, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á tún sè é fún wákàtí mélòó kan. Láwọn ibì kan, wọ́n máa ń fi yíyọ̀ ilá sí i kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè dì mọ́ra wọn, kó sì silẹ̀. Bó bá ti tutù, wọ́n á da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i, torí inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni yíìsì, ìyẹn ìwúkàrà, wà. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ń hó yaya. Ó di mímu nìyẹn.

Níbi tí bíà ńlá ti ju tiwa lọ ni pé ọtí wa kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ó ti kan kọjá mímu. Ti ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n ti fi ooru pa gbogbo ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀, ó lè wà nínú ìgò fún oṣù mélòó kan. Ọjà tó lè dúró ló ń rìn jìnnà, èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun fún ẹni tó ń ta tòmátì.

Síbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rìn jìnnà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé e lọ nínú orí wọn. Títí di òní, níbi ọdún òrìṣà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ọtí kan tí wọ́n ń pè ní chequeté. Ẹ pè é síta, ẹ gbọ́ orúkọ ọ̀hún. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi omi ọsàn kíkan àti ṣúgà sí i, wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀. Ẹ̀rọ ìgò kankan kọ́ ló tọ́jú rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ibẹ̀ ni ó ń dùn wá jù. Bí ọtí bá ti ń mówó wọlé, àwọn kan máa ń wá gbà á lọ́wọ́ obìnrin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn ìyàwó ilé ló ń pọn ọ̀pọ̀ nínú ọtí tí ìlú ń mu, kó tó di pé iṣẹ́ náà di ti àwọn ọkùnrin olówó. Èyí tó le jù ni ti South Africa. Ní 1908, ìjọba ilẹ̀ Natal ṣe òfin kan tó jẹ́ kí ìjọba ìlú nìkan máa pọn ọtí ọkà bàbà, kí wọ́n máa tà á fún àwọn èèyàn dúdú nínú gbọ̀ngàn ọtí tiwọn. Durban mú un lò, owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàkóso àwọn èèyàn dúdú kan náà tó ń mu ún. Obìnrin tó bá pọn tirẹ̀ nílé, ọlọ́pàá á wá da ìkòkò rẹ̀ nù. Ní 1929, àwọn obìnrin Natal dìde sí gbọ̀ngàn wọ̀nyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1959, ní àdúgbò Cato Manor ní Durban, wọ́n tún dìde. Wọ́n ya wọ inú gbọ̀ngàn ọtí, wọ́n lé àwọn ọkùnrin tó ń mu níbẹ̀ jáde, wọ́n da ọtí nù. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ọtí kò tó ohun tí obìnrin ń torí rẹ̀ dojú kọ ọlọ́pàá, kó bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Tiwa nílẹ̀ yìí tún ní àrà tirẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì ọkà báálì wọlé láti òkè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ń fi báálì òyìnbó pọn bíà láti ìgbà tí wọ́n ti dé wá ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Òfin yẹn ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọtí ọkà ṣe yẹ̀yẹ́, tó wá ń mu bíà onígò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkà kan náà ló wà nínú ife méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń tún iṣẹ́ náà gbé dìde báyìí. Bature Brewery, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, tó sì ti dé Èkó, ń pọn bíà kéékèèké tí kò jọ ti ilé iṣẹ́ ńlá, kọfí wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Owó rẹ̀ ga, àwọn tó lówó ló ń rà á. Ojú wa ṣì ń wọ̀nà fún ẹni tó máa fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gan-an sínú ìgò, kó sì jẹ́ obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọtí sínú ìgò tàbí ọ̀rá, kó lẹ orúkọ mọ́ ọn, kó tà á, ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC kọ́kọ́.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin tó ń ta ọkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ní abúlé Chitima ní Mozambique, àwọn èèyàn ti ibi ìsìnkú bọ̀, wọ́n mu ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi àgbàdo pọn, pombe ni wọ́n ń pè é. Èèyàn 75 kú. Àwọn tó dé ilé ìwòsàn lé ní 100. Ariwo ta pé ẹnì kan ló fi òróòro ọ̀nì sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò àìfojúrí kan ni wọ́n bá nínú ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ tí wọ́n fi pọn ún. Kòkòrò yẹn ló ṣe májèlé. Sísè kì í pa májèlé náà, kì í sì í yí adùn ọtí padà. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Àgbàdo tó bu ni.

A mọ ohun tí àwọn kan máa ń ṣe. Bí àgbàdo bá ti bu, wọ́n á ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń pọntí, pé ṣebí wọ́n á sè é. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Bákan náà ni ti ọkà tí wọ́n fín Sniper sí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Fún oko ni wọ́n ṣe oògùn yẹn, kì í ṣe fún oúnjẹ tó wà nínú àpò. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da èyí pọ̀ mọ́ ti ògógóró tó pa àwọn èèyàn ní agbègbè Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015 kan náà. Ìyẹn, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ methanol ni wọ́n bá níbẹ̀. Ti àgbàdo bíbu yìí yàtọ̀.

Ẹni tó ń pọntí kò fẹ́ ọkà tó kàn mọ́ lójú. Ó fẹ́ ọkà tó lè hù. Ọkà tó ti pẹ́ jù nínú àká, tàbí tí ooru ti pa, kò lè hù, kò sì wúlò fún un, bó ti wù kó dán tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín á hù, ẹ ka hóró 100, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù, ẹ bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ka èyí tó hù. Bó bá tó 90, ẹ gbé e sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ ń tà fún àwọn ológì, kí ẹ sì dá iye tiẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ 60 ló hù, ọkà ògì ni, ẹ tà á fún ológì.